Nọ́ọ̀sì Tó Ń Ṣí Ìkòkò Wò

Bí nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ní Ṣakí bá wọlé, ìkòkò ọbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣí wò kó tó wo aláìsàn. Bí inú bá sì ń bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀.

Lọ́dún tí àbúrò mi rù kan egungun, ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ ti dá, ṣùgbọ́n egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò jinná. Ẹ̀kọ mímu nìkan ni Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ń fún un.

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ṣí ìkòkò wò, ó ní, "Ìyá, síńkì tó ń mú egbò jinná ò tó nínú oúnjẹ ọmọ yìí."

Ìyá àgbà fa ọmọ mọ́ra. "Síńkì kẹ̀? Ṣé páànù orí ilé ni kí n máa sè fún un?"

"Kì í ṣe ti òrùlé, Ìyá. Inú ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ló wà."

"Ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin, olè ni yóò dà!"

Bàbá mi wolẹ̀. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́: "Ìyá, ẹ jẹ́ kó dàgbà ná. Bó bá jalè, ẹ ní kí wọ́n wá mú èmi."

Ìyá àgbà wò ó títí, kó tó ní kí ìyá mi se ẹyin wá. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló bó o, tó ń fi í sọ́mọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Egbò náà pẹ́ kó tó san, ṣùgbọ́n ó san. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ sí Kíṣí, Ìyá àgbà ló ru ẹrù rẹ̀ dé gáréèjì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á.