Kàsímù Afinimọ̀nà

Lọ́dún 1954, iṣẹ́ Kàsímù ará Ìgbògbò, tí ẹ̀rù omi máa ń bà bí ológbò, ni kó máa kó èèyàn mélòó kan fẹsẹ̀ rìn láti Èjìnrìn dé Ẹ̀pẹ́. Ó ní ọ̀nà táwọn baba Mùsùlùmí tí wọ́n lé kúrò l'Ékòó láyé ọjọ́un gbà wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Ìdí igi tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á ní, "Ibí ni wọ́n ti kírun." Àwọn òpè á sì bọ́ bàtà.

Ní Ẹ̀pẹ́, Ìyá Sìlífátù, ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n lé, gbọ́ ìtàn yìí, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ọkọ̀ ojú omi làwọn baba wa wọ̀ dé! Ipasẹ̀ ta lẹ wá ń tọ̀?"

Ojú ò tiẹ̀ ti Kàsímù. "Ọkọ̀ yẹn ló jò, Ìyá, ni wọ́n bá sọ̀kalẹ̀."

Ẹ rò pé àwọn tó kó wá bínú sí i? Bàtà ni wọ́n tún bọ́, wọ́n ní kó mú àwọn padà lọ wo ibi tí ọkọ̀ ti jò.