Ọjọ́ Tí Mo Sọ̀rọ̀ Nípa Dísìkì Kìíní

Mo rántí ariwo ẹ̀rọ yẹn kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Bí wọ́n bá ti tàn án, á kùn bí oyin, lẹ́yìn náà á máa dún bí èkúté tó ń họ pákó. Ìlobù ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Láti Ìfọ́n ni mo ti ń rìn wá ní gbogbo àárọ̀ ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, nítorí pé bàbá mi, tí í ṣe olùkọ́, ti bẹ ọ̀gá kí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọmọ àwọn tó ti Gánà dé ni ọ̀gá. Èkó ló ti gbé ẹ̀rọ náà wá. Àwa méjì là ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tó ti dé ṣáájú mi. Ọ̀gá ti sọ fún wa pé bí ìsinmi bá parí, ẹnìkan ṣoṣo ni òun yóò mú dúró. Mo gbà tọkàntọkàn pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ jù ni. Bí mo ti gọ̀ tó nígbà náà nìyẹn.

Dísìkì méjì, tó ń kó gbogbo ohun tó mọ̀ pamọ́ sí, ló wà nínú ẹ̀rọ ńlá náà, àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké orí tábìlì sì ń gba iṣẹ́ láti inú rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kò mọ nǹkan kan. Ó ní láti béèrè ohun tí yóò ṣe lọ́wọ́ dísìkì kìíní. Bí ìyẹn kò bá ní èsì, kò ní béèrè lọ́wọ́ ìkejì. Ibẹ̀ ni yóò dákẹ́ sí. Nígbà tí ìsinmi ń parí lọ, ọ̀gá ra dísìkì tuntun tó tóbi ju méjèèjì lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi sínú ẹ̀rọ, ó sì fi í ṣe ìkíní, ó ní ohun tó tóbi kò gbọdọ̀ tò sẹ́yìn ohun kékeré. Dísìkì náà sì ṣófo. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ kò jí mọ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn olùkọ́ kan láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun wá gba ìbéèrè ìdánwò tí a tẹ̀ fún wọn sínú ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá tàn án, ó pa á, ó tún tàn án. Òógùn bò ó. Ó yíjú sí wa, ó béèrè ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ òun. Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀. Èmi dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo sì ṣàlàyé bí ẹni ń ka àròkọ fún tíṣà.

"Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Dísìkì tuntun tí ẹ fi ṣe ìkíní ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dá ti àtijọ́ padà sípò, ẹ̀rọ á jí."

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ti gba tíṣà."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. "Ó dáa, bàbá dísìkì. Ìwọ tí o mọ ẹni tó yẹ kó ṣíwájú, wá kí wọn fún mi. Kí àgbà kí o tó kí àbúrò."

Mo rò pé àwàdà ni. Ó ní kí n dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, kí n kí dísìkì kọ̀ọ̀kan, kí n béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ wọn. Àyà mi wà lórí sìmẹ́ńtì, mò ń wí pé, "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé dáadáa lẹ jí?" Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ní kí ẹ̀gbọ́n tú ẹ̀rọ, kí ó dá dísìkì àtijọ́ padà sípò kìíní, gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Ẹ̀rọ jí. Ọ̀gá gbá ẹ̀gbọ́n léjìká, ó yìn ín lójú gbogbo wọn, ó sì ní kí n máa lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n sìn mí dé ojú títì. "Àná ni mo ti mọ̀," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mò ń dúró kí ìwọ sọ ọ́ ni."

Bàbá mi kò béèrè bóyá òótọ́ ni mo sọ. Ó mú mi padà lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dàgbà ju ọ̀gá lọ dáadáa, síbẹ̀ ó ṣí fìlà bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n sọ pé èmi ni mo ba ẹ̀rọ jẹ́. Mo sọ ọ́. Mo tún un sọ, nítorí ọ̀gá ní òun kò gbọ́. Ó wá ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti gba àyè náà.

Mo ti wà ní kíláàsì karùn-ún báyìí. Bí olùkọ́ bá béèrè ohun tí mo mọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ó fẹ́ gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń jẹ́ kí ẹlòmíràn dáhùn. Wọ́n ń yìn mí pé mo níwà ìrẹ̀lẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ fún àlejò pé Ìlobù ni mo ti kọ́ ọ. N kì í já a ní irọ́.