Àpótí Ọ̀gá Mi àti Àjà Ìyá Ìyàwó Mi

Òórùn òrí tí èéfín igi ti wọ̀ ni ó máa ń gbé ọkàn mi padà sí ọdún tí mo kọ́kọ́ dá iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé mi ní Dassa. Àwọn oníbàárà mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilẹ̀kùn tí mo bá ṣe máa ń rùn bí ọbẹ̀. N kì í bá wọn jiyàn, nítorí òótọ́ ni. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ, ìwọ tí o mọ̀ mí nígbà tí gbogbo ohun tí mo ní kò ju òòlù kan àti ayùn kan lọ.

Ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé fara ti òkè. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé níbí: bí àpáta bá ti dúró ṣanṣan níbìkan, kí ni èèyàn tún ń mọ ògiri kẹrin fún? Mo mọ mẹ́ta, mo ta páànù lé wọn títí kan àpáta, mo sì ní àtẹlíyè, ibi iṣẹ́ tèmi. Ẹ̀ẹ̀rùn ni nígbà náà. Àpáta náà tutù, ó gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Mo gbẹ́ èèkàn láti ara igi líle, mo gbá wọn wọ ibi tí àpáta ti sán, mo sì fi irin iṣẹ́ mi kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tún fi èédú ya àwòrán irin kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, kí ojú mi lè tètè rí èyí tí kò bá sí níbẹ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń jókòó kí n kàn máa wò ó. Mo gbéra ga díẹ̀, n kò ní purọ́.

Ìyàwó mi, tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ òkè yẹn gan-an, wò ó títí. Ó máa ń pè mí ní Fòfó, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, “Fòfó, bí òjò bá dé, òkúta yìí máa ń làágùn o.” Mo ní òkúta kò ní ara tí yóò fi làágùn. Ọmọ Paouignan ni mí, etí títì ni mo ti dàgbà. Kí ni mo mọ̀ nípa òkè?

Ní àsìkò yẹn, ojú ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Paouignan ti ń ṣe bàìbàì, ó sì fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní àpótí kan tí gbogbo irin tó fi ṣiṣẹ́ láyé rẹ̀ wà nínú rẹ̀, pàápàá ìfági mẹ́ta, àwọn tí a ń pè ní rábò, tí ẹnu wọn mú débi pé o lè fi wọ́n fá irun. Àwa méjì ló ń rò láti fún: èmi àti ẹnìkan tó wà ní Tré, tí a jọ kọ́ṣẹ́. Ó ránṣẹ́ sí wa pé òun ń bọ̀ wá wo ibi tí irin ń sùn lọ́dọ̀ wa, pé ẹni tí irin bá ń sùn dáadáa lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò gba àpótí. Inú mi dùn. Mo ní, ta ló lè fi àpáta mi wé ti ará Tré? Mo fẹ́ àpótí yẹn débi pé mo ti gbá èèkàn sílẹ̀ de àwọn rábò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo lọ kan òrùlé ní oko kan. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Nígbà tí mo dé, tí mo ṣí ilẹ̀kùn, omi ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára àpáta láti òkè dé ilẹ̀. Èédú mi ti yọ́ wálẹ̀ bí tìróò ojú ẹni tó ń sunkún. Gbogbo irin tí mo fi sílẹ̀ ti dógùn-ún, ayùn pupa, rábò pupa. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọ̀gá mi dé. Mo jókòó sórí ìtì igi.

Ìyàwó mi kò bá mi wí. Ó kàn jáde lọ pe ìyá rẹ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ wa. Ojú tì mí gidigidi. Bí mo bá lọ kí àna mi lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Máàsì, ìta ni mo máa ń dọ̀bálẹ̀ sí, n kò tíì wọ ilé ìdáná rẹ̀ rí. Màmá wọlé, ó wo àpáta, ó wo irin, ó wò mí.

Ó ní, “Ọkọ mi, o ò bi ẹnì kankan?”

Ó ní kí n kó wọn tẹ̀ lé òun. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé lókè ààrò rẹ̀, lórí àjà tí èéfín ti sọ di dúdú, ni ọkọ́ àti àdá ọkọ rẹ̀ tó ti kú wà, tí ìpẹtà kò kan wọn rárá. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a fi ṣiṣẹ́. A fi eérú àti ewé eépín, ewé tó rí gbàkọgbàkọ yẹn, ha irin, a sì fi òrí pa wọ́n kí a tó gbé wọn sórí àjà. Màmá ló ha ayùn ńlá fúnra rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Nígbà tí o wá tọrọ ọmọ mi, o ò sọ pé màá máa fọ ayùn.” Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là, kí ó gbé mi mì.

Ọ̀gá mi dé lórí zémìjàn kan, alùpùpù tó ń gbé èrò, àpótí ńlá ni wọ́n fi rọ́bà so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà. Ó wọ àtẹlíyè, ó bá èèkàn lásán àti àpáta tútù.

“Bọ̀n, ó dáa. Níbo ni irin wà?”

Mo lè sọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn kúrò láti tún ibẹ̀ ṣe ni. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo rántí Màmá lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ayùn mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Mo mú un lọ sí ilé ìdáná, níbi tí Màmá ti ń ro ọkà. Ọ̀gá mi na ọwọ́ sókè, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rábò mi wò, ó gbé e sí imú.

Ó bi mí pé, “Ta ló fi òrí pa á?”

Mo nawọ́ sí Màmá. Ọ̀gá mi ní kí onízémìjàn gbé àpótí wọlé, kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó gbẹ. Mo rò pé ó ti di tèmi. Lẹ́yìn náà ni ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Màmá lọ́wọ́.

“Màmá, ọ̀dọ̀ yín ni mo gbé e sí. Bí ọmọ yìí bá nílò irin, kí ó wá tọrọ. Bó bá dá a padà pẹ̀lú ìdọ̀tí, ẹ má gbà á.”

Títí di òní, okùn kan náà ni àna mi fi so kọ́kọ́rọ́ yẹn àti rosárì mọ́ ọrùn. Láràárọ̀ ni mo ń lọ dọ̀bálẹ̀ kí n tó gba rábò, nírọ̀lẹ́ ni mo ń dá a padà, òun náà sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò wò ó. Èmi tó jẹ́ pé ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo ń kí i tẹ́lẹ̀ ti wá mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, mo mọ ìtàn ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tí ará Tré bi mí láìpẹ́ yìí bóyá èmi ni mo gba àpótí, mo ní rárá o, ìyá ìyàwó mi ló gbà á. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà ni.

Nínú òjò tó kọjá yìí, ẹsẹ̀ dá Màmá dùbúlẹ̀. Mo dá nu gbogbo irin, mo pa wọ́n ní òrí, mo sì gbé rábò tó tóbi jù lọ bá a lórí ẹní. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò, ó di ojú.

“Ó kù díẹ̀ kó mọ́, ọkọ mi.”

Mo padà lọ nù ún. Inú mi dùn bí mo ṣe ń nù ún.