Lẹ́yìn Tí Wọ́n Pa Pọ́ńpù ní Ìbíadé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí bí a ṣe dá pọ́ńpù dúró ní Ìbíadé. Ẹ kì í bi mí ní ohun tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún tó kọjá ni, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, mo jókòó jẹ́ẹ́ nílé mi ní Àtìkòrì, n'Ìjẹ̀bú-Igbó, kí àbúrò mi Sídí tó pè mí lórí fóònù. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí wa sí, ṣùgbọ́n ọkọ aládùúrà ló fẹ́ sí Ìbíadé, ó sì ti di ìyá àdúrà níbẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ń mì, ògiri ti ń lanu.

Iléeṣẹ́ kan tó ń wa epo nítòsí ló fà á. Omi iyọ̀ tó ń bá epo jáde ni wọ́n ń fi pọ́ńpù tì padà sínú kànga jíjìn. Dókítà Bọ́sẹ̀, olùkọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta tó wá láti Àgọ́-Ìwòyè, ri ẹ̀rọ kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti máa fi ṣọ́ mímì náà. Ó ṣàlàyé pé omi yẹn ń ràn nísàlẹ̀, ó ń wọ ojú ibi tí àpáta ti là, ó sì ń mú kí wọ́n yọ̀ lórí ara wọn. A dí ọ̀nà. Títí, ọmọ Sídí, ló kọ́kọ́ jókòó síwájú tánkà. Àwọn apẹja Mákùn-Omi fi ọkọ̀ dí ojú omi. Ọlọ́pàá nà wá, a ò dìde. Nígbà tó yá, wọ́n pa pọ́ńpù.

Wọ́n ṣì ń gbé mi jó ni Dókítà Bọ́sẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n má tíì jẹ́ kí àwọn ará ìlú, tí wọ́n ti ń sun abẹ́ tapólì láti ìgbà tí ògiri ti ń lanu, padà sínú ilé búlọ́ọ̀kù, nítorí omi tó ti wọlẹ̀ ṣì ń rìn, èyí tó le jù sì lè wá lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́.

Mo ní, "Ọjọ́ wo?"

"Mi ò lè dá ọjọ́, sà. Mo kàn mọ̀ pé ewu ṣì pọ̀. Bí òjò bá ṣú, ẹ kì í béèrè aago kí ẹ tó ká aṣọ."

Sídí náà béèrè ọjọ́. Aríran ṣọ́ọ̀ṣì wọn a máa dá ọjọ́. Èmi ò ní ọ̀kankan. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ ti ṣe ìdúpẹ́ ìṣẹ́gun. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é ní Ilẹ̀ Àánú, orí iyanrìn gbalasa tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Wọ́n gbà nítorí tèmi. Oòrùn pa wọ́n, wọ́n jó, ilẹ̀ ò mì rárá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Agbẹnusọ iléeṣẹ́ náà wá. Ó ní, "Ẹ ní pọ́ńpù wa ló ń mi ilẹ̀. A ti pa á. Tó bá tún mì, ta lẹ máa dá lẹ́bi?" Àwọn tí mo kó jà pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dùn mí dé eegun.

Wọ́n ní àsọ̀rọ̀ àìlàdí ló pa Elénpe ìṣáájú. Èmi làdí ọ̀rọ̀ tèmi títí ẹnu fi ń bó mi. Abẹ́ tapólì ni Sídí wà, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́, òjò tó kẹ́yìn ń pa á.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "bí a bá ṣẹ́gun tán tí a ṣì ń sun ìta, kí la wá ṣẹ́gun?"

Ó kó ẹní rẹ̀, ó wọlé.

Mo ti padà sí Àtìkòrì, mò ń ṣe àlùwàlá Jímọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè mí. Ilẹ̀ tún ti mì; Sídí ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ni ògiri wó lù ú. Níbi ìsìnkú rẹ̀, mo gbọ́ tí ará ìlú ń wí fún ara wọn pé kì í wá ṣe pọ́ńpù ló ń mi ilẹ̀, torí pé wọ́n ti pa á.

A dá ẹ̀rọ dúró fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan péré. A pàdánù Sídí, a sì pàdánù etí àwọn èèyàn. Títí di òní, iléeṣẹ́ yẹn ò tíì sọ fún Dókítà Bọ́sẹ̀ bí omi tí wọ́n tì wọlẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ láìsí ìyẹn, kò lè rí iwájú dáadáa. Wọ́n jẹ gbogbo wa ní ìdáhùn yẹn.

Wọ́n ti tan pọ́ńpù padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Títí pé ká tún dí ọ̀nà. Ẹnu ilẹ̀kùn ló ti dá mi lóhùn.

"Bàbá Àtìkòrì, ìyá mi wà láàyè nígbà tí pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ẹ dá a dúró ló kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́."

Mo mọ̀ pé omi tí wọ́n ti tì wọlẹ̀ kí a tó dá a dúró ló pa ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀, ó wọ inú ilé búlọ́ọ̀kù náà lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.