Ìsinmi Méjì Nínú Ilé Kan

Gún-régé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jẹ́ orúkọ náà. Yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ló ti ń ṣiṣẹ́, yàrá gbọọrọ ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí ẹ̀rọ mẹ́fà ti ń kùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ooru ibẹ̀ sì máa ń mú kí ojú èèyàn máa dán bí ẹni fi òróró pa á. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ká aṣọ ibùsùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ká tiwọn kó ṣáà ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n tirẹ̀, etí gbọ́dọ̀ bá etí, igun gbọ́dọ̀ bá igun. Bó bá to ogún aṣọ léra, wàá rò pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá: "Ẹ pe Gún-régé kó wá tún èyí ká."

Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù ọ̀nà jíjìn. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá lójú ọ̀nà, bó bá sì dé, oorun ló máa kọ́kọ́ béèrè kó tó béèrè oúnjẹ. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí. Èyí àgbà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Èyí kékeré, ọmọ ọdún méje, wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì, ọ́fíìsì kan náà ló sì ń ṣe kàlẹ́ńdà wọn. Síbẹ̀, bí ìsinmi àárín sáà bá dé, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ Ajé tí wọ́n bá wọlé padà gan-an ni àwọn ti girama á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ilé Gún-régé fi máa ń dà bí ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣe é tì, tí kò sì ṣe é ṣí. Ọjọ́ márùn-ún péré ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì ń fún un láti sinmi ní sáà kan.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti lo ọjọ́ márùn-ún náà tán lórí ibà tó ṣe ọmọ kékeré. Nígbà tí ìsinmi alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé, kò rí ẹni tí yóò fi ọmọ sílẹ̀ fún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kò jìnnà, ó sì jẹ́ olùkọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yẹn kan náà, òun náà wà nínú ìsinmi. Ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ ni àbúrò ti sọ ọ́ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ́wọ́ mi, mo gbà. Ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ má bi mí." Gún-régé kò sì bi í.

Ló bá mú ọmọ dání lọ síbi iṣẹ́. Ó fi í jókòó sẹ́yìn àwọn àgbékà, ó fún un ní búrẹ́dì àti ìwé àwòrán, ó ní kó má mí sókè. Títí di aago mẹ́wàá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni gbogbo nǹkan ń lọ. Àmọ́ oorun kò mọ òfin. Ọmọ náà gun inú apẹ̀rẹ̀ onítáyà tí wọ́n fi ń ti aṣọ mímọ́ lọ sókè, ó na ara sórí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹ̀rọ jáde, ó sùn lọ. Obìnrin kan tí kò mọ nǹkan kan da aṣọ ìrọ̀rí díẹ̀ lé e. Ọkùnrin tó ń ti apẹ̀rẹ̀ dé, ó tì í wọ inú ẹ̀rọ agbénisókè, ó di àjà kẹrin. Nọ́ọ̀sì ká aṣọ kúrò, ẹsẹ̀ kékeré tó wọ ìbọ̀sẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ariwo tó ké lọ́jọ́ yẹn, àwọn aláìsàn tí dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ dìde ló dìde. Ọmọ náà nu ojú, ó sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ mà."

Ọ̀gá yàrá ìfọṣọ kò rẹ́rìn-ín. "Gún-régé, mo mọ irú èèyàn tó o jẹ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé lò bá máa lọ lónìí." Ó kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un. Gún-régé kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sí mẹ́rin, igun bá igun, ó fi í sápò. Ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìwé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìtìjú náà wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe fi hàn lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ó gba àyè wákàtí kan, ó lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé kò gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń ṣe kàlẹ́ńdà ilé ìwé?"

"Ìgbìmọ̀ ni."

"Kí ló dé tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ò fi jọ ń sinmi pọ̀?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ìyá."

"Láti ìgbà wo?"

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà tó gbójú sókè. Ó ronú díẹ̀. "Mo bá a bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. Ó na bébà kan sí i. "Bẹ́ ẹ bá ní ẹ̀sùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí àwọn òbí mìíràn sì tọwọ́ bọ̀ ọ́, torí tẹnìkan ò níí jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yẹn."

Gún-régé kì í ṣe ẹni tó ń jà. Bí wọ́n bá gba iwájú rẹ̀ lórí ìlà, á wo ẹ̀yìn orí ẹni náà ni, á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà lápò rẹ̀ ń ta á lára. Ó kọ lẹ́tà náà lórí tábìlì tó fi ń ká aṣọ, ọmọ rẹ̀ àgbà sì tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe. Láàárín oṣù kan, òbí mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ti tọwọ́ bọ̀ ọ́: àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ìyá tó ń dúró ní géètì, bàbá kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Kò gbé e dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé olùkọ́ ni, kì í ṣe òbí lásán, kò fẹ́ kó ní wàhálà níbi iṣẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n pè é sí ìpàdé.

Yàrá náà kéré, àga ibẹ̀ sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Alága, bàbá àgbàlagbà kan tó fi okùn so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn, ka lẹ́tà náà sókè. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí Gún-régé béèrè lójú fèrèsé: kí ló pín ìsinmi méjèèjì níyà? Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama wo ọ̀gá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, obìnrin sísanra kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, wo òrùlé. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìyá tó ń tọ́jú fáìlì ló dìde, ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fẹ́ eruku kúrò lára fáìlì kan. "Ó wà níbí," ló wí. "Ìjì ló ká òrùlé gbọ̀ngàn ìdánwò girama lọ. Wọ́n wá ní kí àwọn ọmọ kéékèèké máa kọ́kọ́ lọ sinmi, kí àwọn àgbà lè máa fi kíláàsì wọn kọ ìdánwò."

"Òrùlé wo?" ni ọ̀gá girama béèrè. "Èmi ò bá gbọ̀ngàn kankan tí kò lórùlé."

"Wọ́n ti tún un ṣe sà. Ó di ọdún mọ́kànlá."

Ẹ̀rín bú. Alága náà rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi bọ́ lójú rẹ̀. Gún-régé rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìdí àkọ́kọ́ ti kú lóòótọ́, àmọ́ ó ti bímọ sílẹ̀. Káfíńtà tó ń tún àga ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ní ọwọ́ méjì péré lòun ní, òun ò lè tún ti ilé méjì ṣe lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀gá girama ní ìdánwò ti mọ́ àwọn ọmọ òun lára nígbà tí kò sí ariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Alága wá béèrè pé ta ló máa sọ̀rọ̀ fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan dìde láti ìlà ẹ̀yìn. Àbúrò Gún-régé ni.

Gún-régé kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Àbúrò náà kò sì sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ lẹ́tà yẹn," ni àbúrò wí, "n kò sì ní pè wọ́n lónírọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọmọ mẹ́rìnlélógójì ni mò ń kọ́. Bí mo bá kúrò lọ́dọ̀ wọn, ọmọkùnrin méjì ń dúró dè mí nílé, girama làwọn méjèèjì wà. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo wà ní sáà tí àwọn tèmi lọ sílé ìwé, tí àwọn ọmọ olọ́mọ ò sí níwájú mi. Mo máa ń sùn. Mo máa ń jókòó, mi ò ní gbọ́ 'Àǹtí, ó nà mí,' mi ò ní gbọ́ 'Mọ́mì, ebi ń pa mí.' Ọ̀sẹ̀ yẹn lẹ fẹ́ gbà. Kì í ṣe èmi nìkan. Olùkọ́ mẹ́sàn-án ló ní kí n bá àwọn sọ ọ́."

Ó jókòó. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gún-régé mọ̀ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí àbúrò òun sọ.

Wọ́n dìbò. Ẹni mẹ́fà gbà, ẹni márùn-ún kọ̀. Nítorí pé ìbò náà súnmọ́ra, alága ní ìsinmi sáà kìíní àti ti kejì yóò papọ̀, ti sáà kẹta yóò dúró bó ṣe wà, kí káfíńtà lè rójú tún àga rẹ̀ ṣe. Níta, àwọn òbí kan ń bọ Gún-régé lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. "Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ó ń lọ.

Fún nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọ ló ń bá tẹ̀gbọ́n tàbúrò jíṣẹ́ fún ara wọn. "Mọ́mì ní kí n kí yín," "Wọ́n ní àwọn náà ń kí yín." Ó dun Gún-régé, nítorí òun ló pọ̀n àbúrò yẹn dàgbà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ni inú tó ń bí i.

Sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ìsinmi àpapọ̀ àkọ́kọ́ ń bọ̀. Gún-régé ti pa ọjọ́ márùn-ún rẹ̀ mọ́ bí ẹyin. Ó gbé ìwé ìsinmi rẹ̀ lọ fún ọ̀gá, ó bá òmíràn mẹ́wàá lórí tábìlì. Gbogbo ìyá ọlọ́mọ inú yàrá ìfọṣọ ló ti béèrè fún ọ̀sẹ̀ kan náà.

"Ẹni mẹ́fà ni mo lè fi sílẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Aláìsàn ò ní torí ìsinmi ilé ìwé sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí ò láṣọ. Ẹ wá mú bébà."

Ó kọ "ìsinmi" sínú mẹ́fà nínú bébà mọ́kànlá, ó ká gbogbo wọn sínú abọ́. Gún-régé mú tirẹ̀, ó ṣí i. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn yòókù ò mọ̀ bóyá kí wọ́n kẹ́dùn tàbí kí wọ́n rẹ́rìn-ín, títí obìnrin kan fi sọ pé, "Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n." Gún-régé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ilé ìwẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó bọ́jú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó kó ara rẹ̀ lọ sílé àbúrò. Kò fi ọ̀rọ̀ yípo. Ó ròyìn bébà òfìfo náà fún un.

Àbúrò fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. "Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà!"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ẹ̀yin náà lẹ ò rí àyè!"

"Rẹ́rìn-ín rẹ tán ná."

Ó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú. "Ẹ kó wọn wá. Àwọn méjì ti ń pariwo níbí tẹ́lẹ̀, oorun mi ti lọ náà. Bí wọ́n bá di mẹ́rin, kí ló tún kù?"

"Mi ò wá láti bẹ̀ ọ́ lásán," ni Gún-régé wí. "Mo mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ. Mi ò tiẹ̀ rò ó nígbà tí mo ń kọ ọ́."

"Ẹ ò bi mí ni. Ká ní ẹ bi mí, bóyá èmi náà á tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bóyá mi ò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ̀ bá bi mí."

"Òótọ́ ni. Má bínú."

Ọ̀sẹ̀ náà kọjá pẹ̀lú ariwo tirẹ̀. Ife méjì fọ́, wọ́n sì fi ohun ìkọ̀wé ya ojú sára ògiri. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí Gún-régé kò ṣiṣẹ́, ó dé ilé àbúrò ní aago méje àárọ̀, ó kó àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde lọ sí pápá ìṣeré. Nígbà tí wọ́n padà ní aago mẹ́rin, aṣọ fèrèsé yàrá àbúrò rẹ̀ ṣì bo ojú fèrèsé, ó ṣì ń sùn. Ó ní kí àwọn ọmọ jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, kí wọ́n má kan ìlẹ̀kùn.