Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Iyè Rẹ̀

Mo rántí ohùn kọ̀ǹpútà náà: píì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, nínú ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran kan ní Ìkẹjà. Ìgbà Sáàpù ni, nígbà tí ìjọba ológun já owó náírà wálẹ̀, ìdajì ìléru tí a fi ń sun abọ́ sì ti tutù nítorí pé kò sẹ́ni tó lè ra ohun èlò wọn láti òkè òkun mọ́. Oṣooṣù ni wọ́n ń lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n dá dúró mọ́ ògiri géètì. Èmi ni mo ń tẹ orúkọ náà. Láti Agége ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, iṣẹ́ yẹn nìkan sì ni èmi àti ìyá mi ń jẹ.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yẹn la ní. Tí mo bá tan án, kò ní í dá mi lóhùn àfi tó bá yẹ ara rẹ̀ wò tán. Á kọ́kọ́ ka iyè inú rẹ̀, ibi tó ń fi ohun tí a bá ń ṣe lọ́wọ́ sí. Nọ́ńbà á máa sáré gòkè lójú rẹ̀ títí á fi dúró sí 4096. Iná kéékèèké orí kíbọọ̀dù á tàn, á kú, inú rẹ̀ á kùn díẹ̀, á wá ké píì. Ara le nìyẹn. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ìwà ẹ̀rọ náà sì wù mí débi pé mo ra ìwé àjákọ kan, mo ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe wá tú u, ó ní òun fẹ́ gbọn eruku inú rẹ̀. Àbúrò ìyàwó akáúntáǹtì wa ni. Nígbà tó di Mọ́ńdè, nọ́ńbà dúró sí 2048. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sójú pé iye tí òun mọ̀ kọ́ nìyí, ó ní kí n tẹ kọ́kọ́rọ́ kan kí òun tó lè máa lọ. Ẹnì kan ti yọ ìdajì iyè rẹ̀ lọ. Mo gbé ìwé mi tọ akáúntáǹtì lọ.

"Tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ jàre," ni wọ́n wí.

"Ìdajì ti lọ, sà. Ẹni tó tú u lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ká bi."

"Akọ̀wé tó ń wo ikùn ẹ̀rọ. Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ọkùnrin yẹn wá, ó tẹ kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, mánéjà pe gbogbo wa jọ, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mò ń pe ènìyàn lólè. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọdé ń ṣe mí nígbà náà. Mo gbà pé ohun tí kì í jẹun kò lè gba rìbá. Mo tan án lójú wọn. Ó kà, ó dúró sí 2048, kò bèèrè ohunkóhun. Ó ké píì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ti sọ fún un pé ìdajì ni odidi, ó sì ti gbà.

"Bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn, sà," ni ọkùnrin náà wí.

Akáúntáǹtì gbé ìwé mi sókè. "Ta ló máa ń mọ iye ohun tó sọnù, bí kò ṣe ẹni tó gbé e?"

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ní ìparí oṣù, mo tẹ orúkọ bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Tèmi ló ṣe ìkẹtàlá. Mi ò ṣi lẹ́tà kankan tẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí ji ọkùnrin náà. Ẹ̀rọ yẹn ni mi ò tíì lè dárí jì. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé ní Ifákò báyìí, kọ̀ǹpútà kì í kà sókè lójú ẹni mọ́. Àwòrán ló ń gbé jáde, ohun tó bá sì rí nínú ara rẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí aládùúgbò bá kí mi láàárọ̀, tó bi mí pé ṣé ara le, mo máa ń ní ó le. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.