Ọwọ́ Tí Ó Ń Pa Bẹ́líìtì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Igbókòdá, ó ń fi òróró lárà pa bẹ́líìtì aláwọ ẹ̀rọ tí ó fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ máa ń mú awọ náà gbẹ, á sì máa yọ̀ lórí wíìlì. Mẹkáníìkì kan láti Ayétòrò ni ó kọ́ ọ bí a ti ń pa á, ó sì dúró tì í lọ́jọ́ náà.

“Ìyàwó mi, àtẹ́lẹwọ́ ni o, kì í ṣe àkísà,” mẹkáníìkì náà fi bá a ṣeré.

“Ọkọ mi gan-an ń gbọ́ o!” ìyàwó mi dáhùn, ó ń wò mí.

“Kó gbọ́. Ṣé òun ló mọ̀ ọ́n pa ni?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n owú ń jẹ mí. Mo jowú ọkùnrin náà, mo sì jowú awọ tí ọwọ́ ìyàwó mi ń pa.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìyàwó mi ti kú lójú oorun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin aládùúgbò wa kan gbé ẹ̀gẹ́ wá, bẹ́líìtì sì ń yọ̀. Mẹkáníìkì ní òun yóò bá mi pa á. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Mo nu eruku ara awọ náà, mo da òróró tí ìyàwó mi lò kù sí àtẹ́lẹwọ́, mo pa á títí ó fi rọ̀. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ, bẹ́líìtì di wíìlì mú ṣinṣin. Mo lọ ẹ̀gẹ́ obìnrin náà tán.